Mẹ́rin Tó Lé, Mẹ́rin Tó Dín

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Òdòdè, ní Àlàdé, ní Àtòsìn, nílẹ̀ Ìdànrè wa, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń palẹ̀ ọjà mọ́ àti ẹ̀yin bàbá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ bàtà oko lẹ́sẹ̀, ẹ tẹ́tí sí mi. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni mo gbé wá lónìí. Ẹ pe àwọn ọmọ kí wọ́n sún mọ́ rédíò, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ má dìde, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ ti ń lò ó kí ẹ tó mọ̀wé.

Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí kò lè gbàgbé àtẹ̀gùn rẹ̀. Ó lé ní 600 kéèyàn tó dé òkè, níbi tí ìlú àtijọ́ wà, tí ààfin Ọwá àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ ṣì dúró sí títí dòní. Wọ́n fi ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà kéèyàn lè mí díẹ̀. Ká ní ẹ jókòó sí ọ̀kan nínú àwọn ibi ìsinmi yẹn, ẹ ń nu òógùn ojú. Ọmọ méjì dìde kúrò lọ́dọ̀ yín. Ọ̀kan gun òkè lọ, ó ka àtẹ̀gùn 40, ó dúró. Èkejì sọ̀ kalẹ̀, òun náà ka àtẹ̀gùn 40, ó dúró. Mo wá bi yín: èwo nínú wọn ló jìnnà sí yín jù?

Ìbéèrè yẹn kò gba àròjinlẹ̀. Bákan náà ni wọ́n jìnnà sí yín. Ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn 40 ló sì wà láàárín ẹ̀yin àti ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Bí a bá fẹ́ kọ ọ́ bí àwọn oníṣirò ṣe ń kọ ọ́, ibi tí ẹ jókòó sí la ó pè ní òdo. Ẹni tó gòkè wà ní 40. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ wà ní 40 tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní máínọ́ọ̀sì 40. Àmì yẹn kò sọ pé ọmọ náà kò rìn tó ẹnì kejì rẹ̀. Ìhà tó gbà lọ ló ń sọ. Bí a bá wá fẹ́ mọ ìjìnnà nìkan, tí a kò béèrè ìhà, ohun tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní absolute value la béèrè yẹn. Èmi máa ń pè é ní iye pọ́ńbélé, bí a ṣe ń sọ pé omi pọ́ńbélé, omi tí wọn ò bu nǹkan kan lù. Iye pọ́ńbélé 40 jẹ́ 40. Iye pọ́ńbélé máínọ́ọ̀sì 40 náà jẹ́ 40. Ti òdo jẹ́ òdo, nítorí ẹni tó jókòó sójú kan kò jìnnà sí ara rẹ̀.

Ìlà òòró méjì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀kan lápá òsì nọ́ḿbà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, bí òpó méjì tó há nǹkan sáàárín. Onímọ̀ ìṣirò kan, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, Karl Weierstrass, ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo òpó méjì yẹn ní 1841. Lọ́dún náà, àwọn baba ńlá wa ṣì wà lórí òkè. Ó ṣì ku ohun tó ju àádọ́rin ọdún lọ kí ìlú tó ṣí wá sí ìsàlẹ̀ níbí. Àmì nìkan ni Weierstrass mú wá o. Ohun tí àmì náà ń sọ ti wà lẹ́nu àwọn tó wà lórí òkè yẹn tipẹ́tipẹ́, mo sì máa fi hàn yín láìpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú mi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ọmọ aládùúgbò mi kan, ọmọbìnrin tó wà ní JSS 2, gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo eléyìí. Mi ò mọ ibi tí mo ti ṣì í.” Mo gba ìwé náà. Ìbéèrè mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Mẹ́rin àkọ́kọ́, wọ́n fi bíírò pupa máàkì wọn, gbogbo wọn ló gbà: máínọ́ọ̀sì 7 láàárín òpó méjì, ó kọ 7, máínọ́ọ̀sì 12, ó kọ 12. Ìkarùn-ún ló gba àmì kọ́ọ̀sì ńlá. Ohun tó wà láàárín òpó méjì níbẹ̀ ni 3 tí a yọ 8 kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ náà kọ 11.

Mo ní, “Báwo lo ṣe rí 11?”

Ó ní, “Wọ́n ní tí máínọ́ọ̀sì bá ti wà nínú òpó méjì yìí, ká sọ ọ́ di pílọ́ọ̀sì, sà. Mo sọ ọ́ di pílọ́ọ̀sì. 3 àti 8 jẹ́ 11.”

Ẹ wo nǹkan yẹn dáadáa. Ọmọ náà kì í ṣe olódo. Òfin tí wọ́n fún un ló tẹ̀ lé, ó tẹ̀ lé e délẹ̀, òfin náà sì gbè é nígbà mẹ́rin kó tó já a sílẹ̀ nígbà karùn-ún. Òfin tó bá ń gbeni báyìí ló burú jù, nítorí ọmọ á gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n. “Pa máínọ́ọ̀sì rẹ́” ń bá nọ́ḿbà kan ṣoṣo ṣiṣẹ́. Tí ìṣirò bá ti wọ àárín òpó méjì, kò bá a ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí àmì tó wà láàárín 3 àti 8 yẹn, iṣẹ́ ni wọ́n ní ká ṣe. Ó yẹ kí a ṣe iṣẹ́ náà tán ká tó béèrè ìjìnnà.

N kò fi òfin mìíràn rọ́pò òfin yẹn fún un. Ṣọ́ọ̀kì ni mo mú, a bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fa ìlà gígùn kan sórí símẹ́ńtì, mo sì ṣàmì sí i láti òdo dé 10, àmì kọ̀ọ̀kan tó ìṣísẹ̀ rẹ̀ kan. Mo ní kó lọ dúró lórí 3. Mo ní, “Rìn lọ sórí 8, kí o máa ka ìṣísẹ̀ rẹ.” Ó rìn, ó ka márùn-ún. Mo ní, “Padà wá sórí 3.” Ó padà, ó tún ka márùn-ún. Ó dúró lórí 3 yẹn, ó wo 8, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sáré wọlé lọ mú bíírò, ó fa ìlà nu 11, ó kọ 5 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, ṣé bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn ni wọ́n ń béèrè?”

Mo ní, “Òun ni.”

Ó ní, “Kí ló wá dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀?”

N kò rí èsì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn fún un. Ìbéèrè rẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, níbi tí mo sì ti ń rò ó ni ọkàn mi lọ sórí bí àwa fúnra wa ṣe ń ka nǹkan.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ bá mi kà á sókè. Mọ́kàndínlógún, mọ́kànlélógún. Méjìdínlógún, méjìlélógún. Mẹ́tàdínlógún, mẹ́tàlélógún. Mẹ́rìndínlógún, mẹ́rìnlélógún. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún? Ogún jókòó sáàárín bí ẹni tó jókòó síbi ìsinmi lójú àtẹ̀gùn. Mẹ́rìndínlógún, mẹ́rin ló fi dín sí ogún. Mẹ́rìnlélógún, mẹ́rin ló fi lé lórí ogún. Mẹ́rin ni mẹ́rin ń jẹ́ lápá méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni “lé” àti “dín”. “Lé” àti “dín” yẹn ni pílọ́ọ̀sì àti máínọ́ọ̀sì. Mẹ́rin tó ṣáájú wọn ni iye pọ́ńbélé.

Ẹ bá mi ronú sí i. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tó bá pe 16 àti 24, kò sí ohun kan nínú orúkọ méjèèjì tó fi hàn án pé ọgbọọgba ni wọ́n jìnnà sí 20. Ó ní láti jókòó ṣe ìṣirò kó tó mọ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá pè é, ó ti sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ sọ bó ṣe jìnnà tó, ó wá sọ ìhà tó wà, ó wá dárúkọ ibi tí òun ti ń wọ̀n ọ́n. Nǹkan mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwọn nǹkan mẹ́ta tí mo sì ń fi ṣọ́ọ̀kì wá lórí símẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé nìyẹn.

Kò tán síbẹ̀. Kí ló dé tí a kì í kà kọjá mẹ́rin ká tó yíjú? Lẹ́yìn mẹ́rìnlélógún, a ò sọ pé márùn-ún lé lógún. Márùndínlọ́gbọ̀n la wí. Ìdí ni pé bí nọ́ḿbà bá ti jìnnà sí ogún, ó ń sún mọ́ ọgbọ̀n. 24 jìnnà sí 20 pẹ̀lú mẹ́rin, ó jìnnà sí 30 pẹ̀lú mẹ́fà, nítorí náà 20 ló fara tì. 26 jìnnà sí 30 pẹ̀lú mẹ́rin, 30 ni òun fara tì. 25 wà ní àárín gbùngbùn, ìjìnnà rẹ̀ sí méjèèjì jẹ́ márùn-ún, àwọn àgbà sì yàn pé kó kọjú síwájú. Ẹni tó ṣètò báyìí ti wọn ìjìnnà lápá méjèèjì, ó ti fi wọ́n wé ara wọn, ó sì ti mú èyí tó kéré. Ìṣirò iye pọ́ńbélé ni, ó wà nínú ohùn tí a fi ń ka ẹyin àti iṣu.

Ìyá àti bàbá àgbà tó fi owó ẹyọ ṣòwò kò gbé e sórí ìwé. Míṣọ́nnárì òyìnbó kan, Adolphus Mann, tó ti gbé ní Ìjàyè, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí òǹkà Yorùbá tó jáde ní 1887. Ó ṣàpèjúwe ẹni tó ń ka owó ẹyọ: wọ́n da àpò owó sílẹ̀, ẹni náà kúnlẹ̀ tì í, ó ń fi ọwọ́ fa owó márùn-ún márùn-ún pẹ̀lú ìyára, títí ọ̀nà ogún fi pé, ọgọ́rùn-ún kan nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún méjì ni wọ́n ń gbá jọ di igba. Nígbà tí òkìtì bá ti wà nílẹ̀ báyìí, ó rọrùn láti bu díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ ju kéèyàn máa kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Abájọ tí “dín” fi pọ̀ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀, tí àádọ́ta fi jẹ́ ọgọ́ta tí a mú mẹ́wàá kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àtẹ̀gùn. Àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá sórí òkè yìí, pàápàá láti 2007 tí Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ sínú àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ká ní àlejò kan gun àtẹ̀gùn 600 lọ sókè, ó rí ohun tó fẹ́ rí, ó sì tún sọ 600 náà kalẹ̀. Tí a bá fi àmì ṣírò rẹ̀, 600 tó lé, 600 tó dín, òdo ló kù. Òótọ́ ni, ibi tó ti gbéra ló padà sí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ fún orúnkún rẹ̀ pé òdo ló rìn! 1,200 ni orúnkún mọ̀. Nọ́ḿbà méjèèjì ló tọ̀nà. Òdo ń sọ ibi tí àlejò náà wà báyìí. 1,200 ń sọ ìyà tí ẹsẹ̀ jẹ. Àwọn oníṣirò ní òfin kan lórí èyí: bí o bá ro nọ́ḿbà méjì pọ̀ kí o tó mú iye pọ́ńbélé, ohun tí o máa rí kò lè ju èyí tí o máa rí bí o bá mú iye pọ́ńbélé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí o tó rò wọ́n pọ̀. Tí ìhà wọn bá dọ́gba, méjèèjì á dọ́gba. Tí ọ̀kan bá ń lọ tí èkejì ń bọ̀, ti àkọ́kọ́ á kéré. Ẹni tó bá ti gun òkè wa rí kò nílò kí n fi ẹ̀rí òfin yẹn hàn án.

Mo wá fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kòkó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan àpò yín. Ìlú kòkó ni Ìdànrè, kò sí ilé tí kò mọ àpò kòkó lórí òṣùwọ̀n. Ká ní àgbẹ̀ márùn-ún gbé àpò kọ̀ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ra kòkó. Ká ní àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ kíló 64 géérégé. Òṣùwọ̀n ka ti àkọ́kọ́ sí 66, ti èkejì sí 62, ti ẹ̀kẹta sí 67, ti ẹ̀kẹrin sí 61, ti ẹ̀karùn-ún sí 64.

Ẹ̀kẹrin pariwo. Ó ní òṣùwọ̀n èké ni. Ẹni tó ni òṣùwọ̀n mú kálàmù, ó ní, “Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀.” Kíló méjì tó lé, kíló méjì tó dín, wọ́n pa ara wọn rẹ́. Mẹ́ta tó lé, mẹ́ta tó dín, wọ́n pa ara wọn rẹ́. Ìkẹyìn, òdo. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, òdo. Ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Òṣùwọ̀n mi kò ní àṣìṣe kankan.”

Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà délẹ̀délẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ti rẹ́ ẹ̀kẹrin jẹ. Kíló mẹ́ta tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀kẹrin kò padà sọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ẹ̀kẹta gba kíló mẹ́ta tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí a bá ń béèrè bí òṣùwọ̀n ṣe dára tó, kò yẹ ká jẹ́ kí èyí tó lé máa bo èyí tó dín mọ́lẹ̀. Ẹ mú “lé” àti “dín” kúrò, kí ẹ ka bó ṣe ṣì í tó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: méjì, méjì, mẹ́ta, mẹ́ta, òdo. Kíló mẹ́wàá ni lórí àpò márùn-ún, ìyẹn kíló méjì lórí àpò kan. Òṣùwọ̀n tó ń ṣi kíló méjì lórí àpò kan ní ìpíndọ́gba nìyẹn, ó sì yẹ kó lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe kí ẹnikẹ́ni tó tún gbé kòkó lé e. Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀rọ àti àwọn tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò máa ń fi irú ìṣirò yìí díwọ̀n àṣìṣe wọn. Àgbẹ̀ kan náà lè ṣe é pẹ̀lú bíírò lẹ́yìn àpò símẹ́ńtì.

Mo ní láti fi èyí kún un kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́: ìgbà kan wà tí kò yẹ ká mú àmì kúrò. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lápò àti ẹni tó jẹ gbèsè ẹgbẹ̀rún márùn-ún, iye pọ́ńbélé owó wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n oorun wọn kò dọ́gba. Tí mo bá fẹ́ mọ ẹni tí mo lè yá lówó, ìhà ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò. Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá àgbẹ̀ jèrè tàbí ó pàdánù, n kò lè pa àmì tì. Ìbéèrè tí a bá ń béèrè ló máa sọ èyí tí a nílò. Èyí gan-an ni kò sí nínú “pa máínọ́ọ̀sì rẹ́” tí wọ́n kọ́ ọmọ yẹn.

Ó dùn mí, n kò ní purọ́ fún yín, pé ohun tó wà lẹ́nu ọmọ láti ilé ni a máa ń gbé wá fún un ní kíláàsì bí ohun àjèjì. Kì í ṣe pé a kò tíì dán èyí tó dára wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò pẹ̀lú, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ta wọ́n yọ. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Èmi kò fara mọ́ ìfagilé yẹn, mo sì gbà pé ẹ̀yin òbí kò ní láti dúró de ìjọba kí ẹ tó ka nọ́ḿbà pẹ̀lú ọmọ yín. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa nísinsìnyí ló mọ 24 ní Gẹ̀ẹ́sì tí wọn ò mọ mẹ́rìnlélógún. Wọ́n ń pàdánù ju orúkọ lọ.

Ọmọbìnrin yẹn padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìbéèrè tó le jù lọ nínú orí náà ló gbé wá: nọ́ḿbà wo ló wà tí ìjìnnà rẹ̀ sí 3 jẹ́ 5? Ó ti kọ 8. Ó ní èsì ẹ̀yìn ìwé ní méjì ló wà, òun kò rí èkejì. N kò sọ nǹkan kan. Ojú ìlà ṣọ́ọ̀kì náà ti ń parẹ́ lórí símẹ́ńtì, òjò ti rọ̀ sí i. Ó lọ dúró níbi tí 3 wà, ó kọjú síwájú, ó ka márùn-ún, ó dé 8. Ó padà sórí 3. Ó wá yí ẹ̀yìn padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ó dé orí òdo. Ìlà tí mo fà parí síbẹ̀. Ó wò mí. Mo mi orí sí i pé kó máa lọ. Ó gbé ìṣísẹ̀ méjì sí i wọ inú koríko, ó dúró, ó ní, “Méjì ló dín sí òdo.” Máínọ́ọ̀sì 2 nìyẹn, òun sì ni èsì kejì.

Ẹ̀yin òbí, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ òní, ẹ bi ọmọ yín pé: nọ́ḿbà wo ló jìnnà sí ogún pẹ̀lú mẹ́ta? Tó bá dáhùn pé mẹ́tàlélógún, ẹ sọ fún un pé ó ku ọ̀kan. Ẹ má sọ èyí tó kù fún un.